Kí Ló Ń Mú Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Pẹ́ Lórí Àga?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn gidi fún. Ó ní mo ti kọ́ àwọn pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún 8 lọ, kí ló wá dé tí Mudashiru Ọbasá fi wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007, tó sì ti di abẹnugan, ìyẹn olórí ilé náà, láti 2015? Mo sọ fún un pé òfin kò ká aṣòfin mọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Àwọn kan ní yàrá olùkọ́ ní ó rú òfin, àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà tí a wò kọ ìwé òfin wa kò jẹ́ gba irú rẹ̀. Ṣé ìbàjẹ́ ni kí aṣòfin pẹ́ tó báyìí, àbí ọgbọ́n ló ń kó jọ? Kí sì ni ará agbègbè ìdìbò lè ṣe bí ó bá ti sú u?”

Mo dúpẹ́ pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣeré. Ọjọ́ orí mi tó bí yín, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yín, nítorí náà “ẹ” ni n ó máa pè yín. Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ó sì lé ní 20 ọdún kí n tó fẹ̀yìntì. Èkó kọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tí gbogbo ayé rí ni mo lè sọ nípa Èkó. Ohun tí mo bá sọ nípa bí aṣòfin ṣe ń rí àga àti bí àga ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wé mọ́ ara wọn nínú lẹ́tà yín: bóyá òfin gbà á, ohun tó ń fà á, àti bóyá ó ṣe ará ìlú láǹfààní. Àwọn tó ń jiyàn ní yàrá olùkọ́ yín ń fi ìdáhùn ọ̀kan dá èkejì lóhùn ni.

Ti òfin ló kúrú jù, ẹ jẹ́ ká mú un kúrò nílẹ̀. Kò sí òfin tí aṣòfin rú bí ó bá lo 20 ọdún tàbí 40 lórí àga. Abala 182 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ pé ẹni tí a bá ti dìbò yàn ní gómìnà lẹ́ẹ̀mejì kò lè du ipò náà mọ́. Ẹ wá irú abala bẹ́ẹ̀ fún aṣòfin títí, ẹ kò ní í rí i. Abala 105 kàn sọ pé ilé aṣòfin kan yóò lo ọdún 4 kí ó tó túká, abala 106 sì sọ irú ẹni tó lè du àga: ọmọ Nàìjíríà tó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, tí ẹgbẹ́ òṣèlú fà kalẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti pé 25, èyí tó jẹ́ 30 kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2018. Ìdí tí wọ́n fi ya gómìnà àti aṣòfin sọ́tọ̀ yé mi. Gómìnà nìkan ló mú kọ́kọ́rọ́ àpò ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, òun ló ń yan kọmíṣọ́nnà, tí ó sì lè yọ wọ́n. Aṣòfin jẹ́ ẹnì kan nínú 40 ní Èkó, tàbí ẹnì kan nínú 32 lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́, kò sì lè dá ohun kan ṣe láìjẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a gbọ́wọ́ sókè. Ibi tí èrò àwọn tó kọ òfin ti mẹ́hẹ lójú tèmi ni orí abẹnugan, nítorí abẹnugan kì í ṣe ẹnì kan nínú 40 mọ́ bí ó bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n òfin kò fi òdiwọ̀n sí òun náà. Ilé tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń yan abẹnugan tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní láti yan Ọbasá lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2015, ní 2019 àti ní 2023.

Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Àwọn tó sọ pé Amẹ́ríkà kò gbà á kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fred Risser, tí wọ́n dìbò yàn sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1956, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí kò sì kúrò títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ọdún 64 nìyẹn. Bàbá tirẹ̀ pàápàá ti jókòó nílé kan náà rí. Òótọ́ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ti fi òdiwọ̀n sí i: nínú ìpínlẹ̀ 50, àwọn 16 ló ní irú òfin bẹ́ẹ̀ báyìí. California ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù láti mú wá. Willie Brown jẹ́ abẹnugan níbẹ̀ láti 1980 títí di 1995, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé nígbà tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ní 1990, tó ní aṣòfin ilé tí Brown ń darí kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 6 lọ, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Brown kó ẹrù rẹ̀, ó lọ di olórí ìlú San Francisco. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ ń dé, wọ́n ń lọ, kí wọ́n tó mọ ibi tí fáìlì wà, àkókò wọn ti tán. Ní 2012 àwọn olùdìbò kan náà tún òfin náà ṣe, wọ́n fún aṣòfin láyè láti lo ọdún 12 lápapọ̀. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ẹ bi mí yìí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ yín dárúkọ. Ọbasá kò ṣàdédé já láti ojú ọ̀run. Wọ́n bí i ní Agége ní 1972, nígbà tí ìjọba alágbádá sì bẹ̀rẹ̀ ní 1999, káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n dìbò yàn án ní ìjọba ìbílẹ̀ Agége lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú AD, tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún. Ẹni tí ẹ rí lórí àga abẹnugan lónìí ti inú wọ́ọ̀dù gòkè wá, láti ibi tí wọ́n ti ń pín àga sójú ìpàdé, tí wọ́n ti ń ka orí ènìyàn, tí wọ́n sì ti ń mọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ àti ẹni tí inú ń bí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì wọ ilé aṣòfin ní 2007 lábẹ́ AC láti agbègbè ìdìbò kìíní Agége. Wọ́n dá a padà ní 2011, 2015, 2019 àti 2023. Láàárín ìgbà yẹn, AC di ACN, ACN bá àwọn mìíràn dàpọ̀ di APC ní 2013, ṣùgbọ́n igi kan náà ni, èèpo rẹ̀ ló ń yí. Adéyẹmí Ìkúforíjì ló wà lórí àga abẹnugan ṣáájú rẹ̀, láti 2005 títí di 2015. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ènìyàn méjì péré ló darí ilé náà fún nǹkan bí 20 ọdún títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí gómìnà mẹ́rin, láti orí Tinúbú dé orí Sanwó-Olú, jẹ ní Alausa láàárín àkókò kan náà.

Mo ti wá dé ibi tí mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ ìdìbò ni aṣòfin ń wọlé tàbí jáde. Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti fìdí múlẹ̀, ọjọ́ yẹn kò ju ọjọ́ ìgbàdúrà ìdúpẹ́ lọ. Ìdájọ́ ti wáyé ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, níbi ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì ti gba àga. Nígbà ìdìbò 2023, òfin ìdìbò 2022, ní abala 84, ló fún ẹgbẹ́ láyè láti fa olùdíje kalẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Ti ìfẹnukò, òfin náà ní gbogbo àwọn yòókù tó ń du àga gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda. Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá ti pe ènìyàn sí yàrá ní agogo méjìlá òru, tí wọ́n sì gbé bírò lé e lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi ẹni tí kò ní í yọ̀ǹda.

N kò lè gbàgbé aṣòfin obìnrin kan nílé tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi kò ní í dárúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 4, n kò rántí ìjókòó tí kò wá, àbá òfin tirẹ̀ méjì sì di òfin. Ní ọjọ́ kejì ìdìbò abẹ́lé, ó wá kó ẹrù inú dúróà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tó jáde lóru. Ó ní, “Alàgbà, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà àwọn àbá òfin mi, kí àwọn ọmọ mi lè rí i pé mo ṣe nǹkan.” Mo ṣe é, owó ara mi ni mo sì fi ra bébà. Ní ìlà kan náà tí obìnrin yìí ti ń jókòó, ọkùnrin kan wà tó lo 12 ọdún. Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, bí mo bá sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, “mo kín in lẹ́yìn” ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí kò dé, kò sí òkú ẹbí àwọn àgbà tí kò bá wọn sin, kò sì sí ìgbà kan tó bá ẹni tó fi í sípò jiyàn. Lẹ́yìn tí mo ti rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mo jáwọ́ nínú fífi iye ọdún wọn aṣòfin.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò bi mí, tó sì yẹ kí ẹ bi mí: kí ló dé tó fi jẹ́ Èkó ni irú èyí ti wọ́pọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́? Ọgbọ́n àwọn ará Èkó kọ́ ló fà á. Ní 1999, AD ló gba gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní 2003, PDP gba márùn-ún nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, Èkó nìkan ló ṣẹ́ kù, ìgbálẹ̀ tó gbá gómìnà jáde ló sì gbá ọ̀pọ̀ aṣòfin jáde pẹ̀lú wọn. Ẹ wo Ọ̀yọ́ tiyín: Lám Adéṣínà ti AD, Ládọjà ti PDP, Àlàó-Akálà ti PDP, Ajímọ̀bi ti ACN, kí PDP tó tún fi Ṣèyí Mákindé gbà á ní 2019. Nígbà tí Ajímọ̀bi wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2015, òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà, ohun tó fi di “Kòṣelérí” lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí gómìnà fúnra rẹ̀ kò ti lè ṣe ẹ̀ẹ̀mejì títí di 2015, báwo ni aṣòfin abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe lo 20 ọdún? Ní Èkó, ẹgbẹ́ kan náà kò kúrò lórí oyè láti 1999. Ní 2015 tí PDP rí àga 8 gbà nínú 40, ó dà bíi pé nǹkan fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ní 2019 APC ló gba gbogbo àga 40. Pípẹ́ aṣòfin Èkó, òjìji pípẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Èyí tí kò fẹ́ pẹ́ sí i nílé náà máa ń gun òkè: Ọlọ́runnímbẹ̀ Mámòórà tó jẹ́ abẹnugan láti 1999 di sẹ́nétọ̀ ní 2003, Solomon Adéọlá tí wọ́n ń pè ní Yayì sì ti ibẹ̀ dé Àbújá.

Ǹjẹ́ pípẹ́ náà ní èrè? Ó ní, n kò sì ní í fi bò. Àbá ìṣúná máa ń dé ní ìparí ọdún, ó nípọn bí ìwé ìtàn, kọmíṣọ́nnà á sì fẹ́ kí ẹ ti fọwọ́ sí i kí ọdún tuntun tó dé. Aṣòfin tuntun á ṣí i, ojú rẹ̀ á sì máa wá orúkọ ìlú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rántí àgbà aṣòfin kan tó ti ṣe sáà mẹ́ta, tó máa ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé àwọn ìwé ìṣúná ọdún tó ti kọjá sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé mẹ́ta jáde níwájú ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ omi, ó ní, “Kànga ẹ̀rọ tí ẹ kọ síbí yìí, ẹ kọ ọ́ lésìí, ẹ kọ ọ́ ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ṣé ẹ ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta ni, àbí ẹ kò tíì gbẹ́ ẹ rárá?” Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri. Kò sí tuntun tó lè bi í bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní ìwé náà, òṣìṣẹ́ ìjọba sì mọ̀ pé kò ní i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlànà ìjókòó, ọ̀nà tí àbá òfin ń gbà láti kíkà kìíní dé kíkà kẹta, àti bí a ṣe ń pe ènìyàn wá jẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí abala 129 ṣe fàyè gbà. Ó ń gba bíi ọdún méjì kí orí tó pé gan-an tó mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń lé gbogbo wọn lọ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tèmi ni yóò di ọ̀gá ilé, kò sì sí ẹni tó dìbò fún wa.

Àmọ́ ohun tó ń bàjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi tó sì ti ń dùn mí jù ni ti abẹnugan. Abẹnugan ló ń pín ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ó mọ ẹni tó máa fi ṣe alága ti ìṣúná àti ẹni tó máa fi sí ibi tí eṣinṣin kò ti ní í kí i. Òun ló ń fún ènìyàn láyè láti sọ̀rọ̀. Bí ọdún rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ràn lọ́wọ́ láti rí tíkẹ́ẹ̀tì á máa pọ̀ sí i nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ẹ fi ti owó kún un. Àtúnṣe òfin tó wáyé ní 2018 sọ ní abala 121 pé kí owó ilé aṣòfin máa lọ sọ́wọ́ ilé tààrà, kó má dúró lọ́dọ̀ gómìnà mọ́. Ní 2021, àwa òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin ti ilẹ̀kùn pa fún oṣù méjì àti ààbọ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀lé e. Mo wà lára wọn, mo sì gbà pé ohun tó tọ́ la ń jà fún. Síbẹ̀, owó tó bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tó sì bọ́ sọ́wọ́ abẹnugan kan tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè kò tíì dé ọ̀dọ̀ ará ìlú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 2025 fi gbogbo èyí hàn kedere ju ìwé ẹ̀kọ́ kankan lọ, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní, nígbà tí Ọbasá wà lókè òkun, àwọn aṣòfin tó ju 30 lọ jókòó, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀, Mọjísọ́lá Méràndá láti Àpápá, rọ́pò rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé orí àga náà ní Èkó. Wọ́n fi ẹ̀sùn àṣìlò owó àti àṣìlò agbára kan Ọbasá, òun sì ní irọ́ ni. Ní ti òǹkà, kò sí àríyànjiyàn: abala 92 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin ló lè yọ abẹnugan, nínú 40 sì rèé, 27 ti tó. Síbẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ dá sí i, ìpàdé ń lọ láti ilé dé ilé, nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Méràndá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó padà sí ipò igbákejì, àwọn ènìyàn kan náà sì yan Ọbasá padà. Ní oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ní ìyọnípò náà kò bófin mu, nítorí pé ilé wà nínú ìsinmi nígbà tí wọ́n jókòó, tí wọn kò sì pe ìjókòó náà bó ṣe yẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ti rí ìdàkejì rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ní Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà, ẹni tó ti di Olúbàdàn báyìí. Níbẹ̀, òǹkà gan-an ni kò pé, nítorí 22 ni òfin béèrè, ilé ẹjọ́ sì dá a padà kí ọdún náà tó parí. Ti Èkó pé ní òǹkà, ìlànà ló kù díẹ̀ káàtó. Ti Ọ̀yọ́ kò tilẹ̀ pé ní òǹkà. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹ kò rí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti bi ará agbègbè ìdìbò léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

Ohun tí ará agbègbè wá lè ṣe ló ṣẹ́ kù. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ pe aṣòfin padà sílé gẹ́gẹ́ bí abala 110 ṣe wí, ó ń sọ òtítọ́ lórí ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ kó ìbuwọ́lùwé àwọn tó ju ìdajì gbogbo olùdìbò agbègbè náà lọ, kí ẹ kó o fún àjọ elétò ìdìbò, INEC, kí wọ́n sì ṣe ìdìbò láàárín 90 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ Dino Melaye láàárín àwọn ará wa Òkun ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, INEC yẹ ìbuwọ́lùwé wò ní oṣù kẹrin 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí sí i jẹ́ 18,742 nínú olùdìbò 351,146. Kò tó 6 nínú 100. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rìn ín kó mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Àwọn mìíràn ní kí a tún ìwé òfin ṣe, kí aṣòfin náà má ju sáà mẹ́ta lọ. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀: kí abẹnugan má ju sáà méjì lọ, kí aṣòfin lásán máa lọ bí ará ìlú bá ṣì fẹ́ ẹ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé abala 9 ní àtúnṣe ìwé òfin gbọ́dọ̀ gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 kọjá nínú 36, a ó sì máa retí kí abẹnugan 24 darí ìdìbò tí yóò gé ọdún tiwọn kúrú.

Ọ̀nà tó kù ni èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ gbọ́: kí ènìyàn gba káàdì ẹgbẹ́, kí ó sì máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tí mo ń sọ yìí àti iye tó ń ná ni. Ìpàdé náà lè bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin kí ó sì parí ní agogo mẹ́sàn-án. Ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà tàbí tó ní ìwé akẹ́kọ̀ọ́ láti máàkì kò lè máa jókòó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ló sì ń jókòó títí wọn yóò fi di ẹni tó ń pinnu ìdìbò abẹ́lé. Kò sì dájú pé ẹ ó borí. Mo ti rí wọ́ọ̀dù tí àwọn olùkọ́ àti ọlọ́jà bí 40 wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì fi orí kunkun gba tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí wọ́n fẹ́. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì kó ìdìbò náà lọ sí ìlú mìíràn lóru. Àmọ́ nínú gbogbo ọdún tí mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí aṣòfin kan tó bẹ̀rù ẹni tó ń dìbò ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin tó bó ṣe bẹ̀rù ẹni tó ń wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ yín, mo ní àbá kan. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé aṣòfin ní Agodi, kí ẹ ní kí wọ́n gbà yín láyè láti mú kíláàsì yín wá wo ìjókòó, kí ẹ sì béèrè fún àkọsílẹ̀ ohun tí aṣojú agbègbè yín sọ nílé láàárín ọdún kan. Kí àwọn ọmọ náà ka iye ìgbà tó sọ̀rọ̀, iye àbá òfin tó gbé wá, àti ohun tó béèrè nígbà tí àbá ìṣúná wà nílẹ̀. Wọ́n lè sọ fún yín pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí, tàbí pé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kò wá síṣẹ́ lónìí. Ẹ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ilé aṣòfin ló ní i. Irú rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún ọdún tó lé ní 20.